Ọmọ Tí Òpìpí Fi Pamọ́ Sínú Ìkòkò Aró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri yẹn, mi ò gbọ́ tiyín. Ṣé oorun lẹ wá sùn ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi já lókè, ó bọ́ gbì bí àgbọn. Kò bọ́ lé ọba lórí. Kò bọ́ lé ìjòyè lórí. Ó bọ́ lé Òpìpí lórí, adìẹ tí kò ní ìyẹ́ lápá. Ó bọ́ lé Àṣẹ́kù lórí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó bọ́ lé Pẹ́pẹ́yẹ lórí, aládùúgbò wọn, ẹlẹ́nu bí abẹ. Ó bọ́ lé Bàbá Àkùkọ lórí, olórí agboolé. Ó wá bọ́ lé Àṣá lórí, olè ojú ọ̀run.

Ẹ̀yin náà mọ Òpìpí. Adìẹ ni. Ó ń yé bí adìẹ, ó ń sàba bí adìẹ. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ rí bí abẹ̀bẹ̀ tí eku jẹ. Ìyẹ́ kan níbí, ìyẹ́ kan lọ́hùn-ún. Bó bá na apá, oòrùn á gba àárín rẹ̀ kọjá wá sílẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé obìnrin aláró kan ni wọ́n ń gbé. Aláró ọ̀hún ti kú tipẹ́. Àwọn ìkòkò aró rẹ̀ ló kù sílẹ̀, àti ààtàn ńlá kan, àti àwọn ẹran ọ̀sìn.

Wọ́n ní àṣà kan lẹ́yìnkùlé yẹn. Bí ọmọ bá ti jáde nínú ẹyin, tí ara rẹ̀ gbẹ, wọ́n á kó o jáde. Bí àwa náà ṣe ń kó ọmọ jáde ni. Ìyá ọmọ á kó ọmọ lọ sórí ààtàn. Gbogbo ilé á pé. Bàbá Àkùkọ á yan wá, á na ọrùn, á ní:

"Ọmọ tuntun, ilẹ̀ nìyí, máa họ ọ́. Òkè nìyí, máa wò ó. Ẹgbẹ́ rẹ nìyí, sún mọ́ wọn."

Gbogbo ilé á gbè é: "Sún mọ́ wa o!"

Ó parí. Kò sí ìnáwó, kò sí ariwo. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọmọ ọ̀hún ti di ọmọ gbogbo ilé. Bí Àṣá bá yọ, apá tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò sá sí. Kò ní bèèrè bóyá apá ìyá òun ni.

Òpìpí ti kó ọmọ jáde rí o. Ọmọ yọyọ. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Àwọn adìẹ yòókù ti fi apá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò gbàgbé. Ló bá ń kó àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ jẹ̀ lọ́tọ̀, lẹ́bàá ọgbà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí apá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rí i lóòótọ́. Àṣá rí i. Àṣá gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn tán.

Òpìpí sunkún títí. Ó tún yé. Ó tún sàba. Òjò wọ orí ẹyin, ẹyọ kan ṣoṣo ló là. Ó sọ ọmọ náà ní Àṣẹ́kù.

Ó wo ọmọ. Ó wo òkè. Ó wo apá ara rẹ̀. Ó ní: "Eléyìí, ojú Àṣá ò ní kàn án láéláé."

Kí ló wá ṣe? Ẹ gbọ́ ọgbọ́n òmùgọ̀ o. Ó gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lára, ó fi í sínú ìkòkò aró kan tó wà lẹ́yìn ilé. Ó fi igbá fífọ́ dé ẹnu ìkòkò. Wọn ò kó ọmọ jáde. Wọn ò fi ilẹ̀ hàn án. Wọn ò fi òkè hàn án. Ẹgbẹ́, kò ní ọ̀kan.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Òpìpí á gbé ikán wá. Á ti pa ikán ọ̀hún kó tó gbé e wá, kó má baà já ọmọ òun jẹ. Á ṣí igbá díẹ̀, á ti orí bọ ẹnu ìkòkò, á sì kọrin:

Àṣẹ́kù, ta ló wà níta?
Tíńtó, ó ń yí lókè.
Àṣá ńlá ló wà níta.
Tíńtó, ó ń yí lókè.
La ẹnu rẹ kí n fi sí i.
Tíńtó, ó ń yí lókè.
Dákẹ́ síbẹ̀, má yọjú.
Tíńtó, ó ń yí lókè.

Ẹ gbè é dáadáa. Orin àlọ́ kì í dùn lẹ́nu ẹnìkan.

Àṣẹ́kù á la ẹnu. Ìyá rẹ̀ á sọ ikán sí i. Igbá á padà sí àyè rẹ̀. Òkùnkùn á tún ṣú.

Nínú òkùnkùn yẹn, ta ló ń bá Àṣẹ́kù sọ̀rọ̀? Ìkòkò ni. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ ti ẹnu bọ ìkòkò òfìfo wò. Àṣẹ́kù á ní: "Ebi ń pa mí." Ìkòkò á ní: "Pa mí." Àṣẹ́kù á ní: "Èmi ni mo ga jù." Ìkòkò á ní: "Ga jù." Kò bá a jiyàn rí. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Kò já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀ rí. Àṣẹ́kù rò pé báyìí ni ayé ṣe rí. Ó rò pé bí èèyàn bá sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá padà fún un.

Pẹ́pẹ́yẹ rí Òpìpí tó ń gbé ikán lọ sẹ́yìn ilé. Ó tẹ̀ lé e, ó ń ju ìdí sọ́tùn-ún, ó ń ju ìdí sósì.

"Òpìpí, kí lo fi pamọ́ síbí?"

"Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi."

"Nǹkan kan kì í ké fíyo-fíyo nínú ìkòkò. Ọmọ ni. Ọmọ titun ni. Kó o jáde."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Àṣá wà lókè."

"Àṣá kò sí lókè nígbà tí wọ́n kó ìwọ jáde? Bó o bá ní apá rẹ kò tó, tèmi ńkọ́? Ṣé igi ìdáná lo rò pé mo dì mọ́ ìhà ni?"

"Ẹ jẹ́ kó lágbára díẹ̀ ná."

Pẹ́pẹ́yẹ lọ. Ó tún padà wá nígbà tí ìyẹ́ ti ń hù lápá Àṣẹ́kù.

"Òpìpí, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ rẹ ti ń bá ara wọn jà lórí ààtàn o."

"Ẹ ò rí i! Wọ́n ń jà. Ṣé kí wọ́n wá ṣe tèmi léṣe?"

"Wọ́n ń jà láàárọ̀, wọ́n ń jẹun pọ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n ń kọ́ ibi tí ìjà ń tán sí. Ta ni yóò kọ́ tìrẹ? Ìkòkò?"

"Ọmọ tèmi kì í jà. Ọmọ pẹ̀lẹ́ ni."

"Kò tíì rí ẹni bá jà lò ń pè ní pẹ̀lẹ́!"

Ó lọ. Ó tún padà wá nígbà tí ogbe ti yọ lórí Àṣẹ́kù.

"Òpìpí! Ohùn tí mo gbọ́ yẹn kì í ṣe ohùn ọmọ mọ́. Ó ń kọ! Àkùkọ ń kọ nínú ìkòkò! Ojú ò tì ọ́?"

"Ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá dàgbà tán, á jáde. Á kọ́ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan."

"Lọ́jọ́ kan! Amọ̀ tó ti gbẹ, lọ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ká wò ó."

Pẹ́pẹ́yẹ kò wá mọ́. Òpìpí ní ó sàn bẹ́ẹ̀. Ó ní ìlara ló ń ṣe é.

Ẹ gbọ́, ìlara! Ta ló ń ṣe ìlara ẹni tó ń sin ọmọ nínú ìkòkò?

Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Òpìpí gbé ikán dé. Ó kọrin. Àṣẹ́kù fẹ́ gbé orí sókè, ogbe rẹ̀ há sẹ́nu ìkòkò. Apá rẹ̀ ọ̀tún ti kan ìkòkò. Apá rẹ̀ òsì ti kan ìkòkò. Kò lè yí. Kò lè jókòó. Èémí rẹ̀ ń ṣe hẹ́ẹ̀-hẹ́ẹ̀. Òpìpí fà á, kò jáde. Ó tì í, kò padà. Ọmọ tó sá fún Àṣá fẹ́ kú sọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Òpìpí figbe ta. Ó sáré bá Àgbò níbi tó ti ń jẹ èèpo iṣu.

"Àgbò, ẹ gbà mí! Ẹ bá mi fọ́ ìkòkò! Ọmọ mi wà nínú ẹ̀!"

Àgbò ní: "Kí ló ń wá nínú ìkòkò?"

Òpìpí ti sáré padà sẹ́yìn ilé. Àgbò tẹ̀ lé e.

Àgbò kò bèèrè mọ́. Ó fẹ̀yìn rìn, ó sáré bọ̀, ó kàn án: gbàà! Ìkòkò fọ́ yángá-yángá. Àṣẹ́kù ṣubú síta. Ara rẹ̀ tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀mùnú iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Oòrùn bá a lójú, ó dijú pọ̀.

Inú Òpìpí dùn. Ó sáré lọ dì mọ́ ọn. Àṣẹ́kù la ojú kan, ó wò ó látòkè délẹ̀. Kò rí ìyá rẹ̀ tán rí láyé rẹ̀. Orí nìkan ló máa ń rí lẹ́nu ìkòkò.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, ọmọ mi! Ìyá rẹ ni!"

"Irọ́! Orí ni ìyá mi. Ìyá mi kò ní ẹsẹ̀." Ló bá ṣá ìyá rẹ̀ láyà, ṣáú!

Pẹ́pẹ́yẹ wà nítòsí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀.

Ó di ọjọ́ kejì, Òpìpí mú ọmọ lọ sórí ààtàn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé orí sókè.

Àṣẹ́kù na ọrùn, ó pariwo: "Èmi ni Àṣẹ́kù!"

Ó dúró. Ó ń retí kí wọ́n ní: "Àṣẹ́kù."

Ọmọge adìẹ kan dá a lóhùn: "Káàbọ̀ o. Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Mo ní èmi ni Àṣẹ́kù!"

"A ti gbọ́. A ò di etí. A ní níbo lo ti ń bọ̀?"

Ohun tí Àṣẹ́kù sọ kọ́ nìyẹn. Orí rẹ̀ gbóná. Kí ló dé tí wọn ò dá a lóhùn bó ṣe yẹ? Ó fò mọ́ ọmọge, ó ń ṣá a.

Ẹ̀yin náà mọ ìjà adìẹ. Bí ọ̀kan bá ti tẹ orí ba, ìjà tán. Òròmọdìẹ tó jáde lánàá mọ ìyẹn. Ọmọge tẹ orí ba. Àṣẹ́kù ń ṣá a lọ. Ọmọge ní: "Mo ti gbà fún ẹ!" Àṣẹ́kù ń ṣá a lọ. Àfi ìgbà tí àwọn yòókù fà á kúrò lórí rẹ̀.

"Ta ló bí eléyìí?"

"Ọmọ inú ìkòkò ni."

"Áà, ìyẹn ló fi ń ṣe bí ẹni tí wọ́n sè kò jinná."

Wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹnìkan rí ikán lábẹ́ igi, ó pe ẹgbẹ́: "Kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, ẹ wá jẹ!" Gbogbo wọn sáré débẹ̀. Àṣẹ́kù náà débẹ̀. Ó dúró sáàárín ikán, ó la ẹnu, ó ń retí kí wọ́n sọ ọ́ sí i. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, wọ́n yó. Ẹnu rẹ̀ ṣì là. Ikán kan wá já a lẹ́sẹ̀ jẹ.

"Yéè! Oúnjẹ ń jẹ mí!"

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, gbogbo adìẹ wọ àgò. Ẹ̀yin mọ bí adìẹ ṣe ń wà nínú àgò. Ìyẹ́ eléyìí á wà lọ́rùn tọ̀hún. Ẹsẹ̀ tọ̀hún á wà nínú ikùn eléyìí. Bẹ́ẹ̀ ni ara wọn ṣe ń móoru. Àṣẹ́kù wọlé. Ara kan kan ara rẹ̀. Ó fò sókè. Ara mìíràn kàn án. Ó tún fò. Ó tẹ ọmọ mọ́lẹ̀, ó ṣá àgbà lójú, ó dojú àgò dé.

Àwọn ìyá adìẹ ní: "Òpìpí, wá gbé ẹrù rẹ o!"

Wọ́n tì í síta. Àṣẹ́kù lọ bá àpáàdì ìkòkò tó fọ́, ó ti orí bọ àárín wọn. Ó ní: "Èmi nìyí." Àpáàdì kò dáhùn. Ìkòkò tó ti fọ́ kì í gbe ohùn. Àṣẹ́kù sunkún, kò sì mọ̀ pé ẹkún ni wọ́n ń pè é.

Ìgbà yìí ni ara Òpìpí bú gìrì. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò bá lè wà nínú agbo, Àṣá ló ni ín. Ó mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àkùkọ, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi kọ́ ọ. Kí Àṣá tó rí i."

Bàbá Àkùkọ wo ọmọ. Ó ń retí kí ọmọ dọ̀bálẹ̀. Ọmọ ń wò ó sùn-ùn.

Àṣẹ́kù ní: "Ìwọ, kí lò ń wò?"

Bàbá Àkùkọ gbé ìbínú mì. Ó kọjú sí ìyá.

"Òpìpí, ọpọlọ ọmọ dà bí igbó ẹ̀yìn ilé. Ẹsẹ̀ ló ń la ọ̀nà síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá á kọjá, ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ á kọjá, ẹsẹ̀ ọ̀tá pàápàá á kọjá. Wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀, ọ̀nà á là. Ti ọmọ tìrẹ, ta ló kọjá níbẹ̀? Ìwọ nìkan, láàárọ̀, pẹ̀lú ikán lẹ́nu. Igbó ló dí. Mo lè mú àdá. Mi ò lè ṣèlérí ọ̀nà fún ẹ."

"Ẹ ṣá gbìyànjú, Bàbá."

Bàbá Àkùkọ gbìyànjú. Ó ní: "Àṣẹ́kù, bí mo bá ké kéèè, kí lo máa ṣe?"

"Mi ò mọ̀."

"Wàá sá. Sá síbo? Sábẹ́ ìyẹ́. Sọ ọ́."

"Màá sá. Sábẹ́ ìyẹ́."

"Tún un sọ."

"Màá sá. Sábẹ́ ìyẹ́."

Ó mọ̀ ọ́n sọ ju gbogbo wọn lọ. Ó ń sọ ọ́ láàárọ̀, ó ń sọ ọ́ lọ́sàn-án. Òpìpí ń jó kiri. Ó bá Pẹ́pẹ́yẹ lójú odò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ bó ṣe ń kà á! Ẹ ò ní ọmọ mi ti já fáfá báyìí?"

Pẹ́pẹ́yẹ ní: "Ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Bi ẹsẹ̀ rẹ̀ léèrè."

Àṣá ńkọ́? Ẹ rò pé Àṣá ń sùn? Ó wà lórí igi gbígbẹ ẹ̀yìn ọgbà. Ó rí i nígbà tí ìkòkò fọ́. Ó gbọ́ ọ nígbà tó ń pariwo lórí ààtàn. Ó rí i tó ń sunkún sínú àpáàdì, tó ń retí kí àpáàdì dá ohùn rẹ̀ padà. Ó ní: "Eléyìí ò gba eré. Ẹ̀rọ̀ ni màá fi mú un."

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn mú ganrínganrín. Gbogbo wọn wà lórí ààtàn. Àṣẹ́kù dá dúró lápá kan, bó ti máa ń ṣe. Àṣá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó bà lé orí ọgbà.

Bàbá Àkùkọ rí i. Ó ké: "Kéèèè! Àṣá o!"

Ẹ wo ilé tó dàrú! Òròmọdìẹ ń sá lọ sábẹ́ ìyá eléyìí, ọmọ eléyìí ń sá lọ sábẹ́ ìyá tọ̀hún. Pẹ́pẹ́yẹ na apá, ọmọ adìẹ kún abẹ́ rẹ̀ fọ́fọ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ààtàn dá páropáro.

Àṣẹ́kù nìkan ló dúró gbáńgbá.

"Bó bá ké, màá sá," ló ń sọ. "Màá sá. Sábẹ́ ìyẹ́."

Òpìpí na apá rẹ̀ méjèèjì. Ó pariwo: "Àṣẹ́kù, ibí o! Wá sábẹ́ mi!"

Àṣẹ́kù wò ó. Ìyẹ́ kan níbí, ìyẹ́ kan lọ́hùn-ún. Ó ní: "Ìyẹn kì í ṣe ìyẹ́."

Pẹ́pẹ́yẹ pariwo: "Ọmọ yìí, sá wá síbí! Àyè ṣì wà!"

Àṣẹ́kù wò ó. Orí ọmọ ọlọ́mọ ló ń yọ lábẹ́ apá rẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́.

Àṣá náà na apá lórí ọgbà. Yéè, ìyẹ́ ń bẹ níbẹ̀! Ó nípọn. Ó dúdú lábẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀.

Àṣẹ́kù na ọrùn: "Èmi ni Àṣẹ́kù!"

Àṣá ní: "Àṣẹ́kù."

Orí Àṣẹ́kù wú. Láti ìgbà tí ìkòkò ti fọ́, ẹni àkọ́kọ́ tó dá a lóhùn bó ṣe yẹ nìyí.

"Èmi ni mo ga jù!"

"Ga jù."

"Ìwọ ni ọ̀rẹ́ mi!"

"Ọ̀rẹ́ mi."

"Ṣé kí n máa bọ̀?"

"Máa bọ̀."

Òpìpí ń pariwo: "Àṣẹ́kù, Àṣá nìyẹn! Àṣá nìyẹn!" Àṣẹ́kù ti gbọ́ orúkọ Àṣá láràárọ̀ nínú orin. Ta ló fi Àṣá hàn án rí?

Ó sá. Ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gbé e. Ó sá bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sá sábẹ́ ìyẹ́. Wọ́n kọ́ ọ pé kó sá sábẹ́ ìyẹ́. Ìyẹ́ ta ni, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń kà sórí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ara mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó ní ogbe.

Òpìpí fò mọ́ Àṣá. Kó ṣá a, kó gbá a, kó fi apá tí kò ní ìyẹ́ nà án. Àṣá kò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó di ọmọ mú, ó gbéra. Nígbà tó dókè, ó bojú wẹ̀yìn.

"Òpìpí, o kú iṣẹ́ o! Àwọn tó o kó jáde nígbà yẹn, mo sáré kí n tó rí wọn gbé. Eléyìí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. O rò pé o gbé e sá fún mi. O ń sìn ín dè mí ni!"

Ó lọ. Lókè réré, wọ́n ṣì ń gbọ́ ohùn Àṣẹ́kù: "Èmi ni mo ga jù! Èmi ni mo ga jù!" Ẹnikẹ́ni kò dá a padà fún un mọ́.

Òpìpí wó sílẹ̀ lórí ààtàn. Pẹ́pẹ́yẹ ẹlẹ́nu bí abẹ wá, kò bú u. Ó kàn jókòó tì í, ó gbé apá bò ó, bí ẹni pé òròmọdìẹ ni.

Òpìpí tún yé. Ó tún sàba. Ọmọ tún là, ọmọ yọyọ. Bí ara wọn ti gbẹ báyìí, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó kó wọn sórí ààtàn. Àṣá wà lókè, ó rí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi Pẹ́pẹ́yẹ, apá mi ò tó o."

"Ta ló bi ọ́ bóyá apá rẹ tó? Kó wọn sáàárín, jàre."

Bàbá Àkùkọ na ọrùn. Ilẹ̀ nìyí, òkè nìyí, ẹgbẹ́ yín nìyí. Gbogbo ilé ní: "Ẹ sún mọ́ wa o!"

Ṣé Àṣá kò wá gbé ọ̀kan níbẹ̀? Ó gbé ọ̀kan. Mi ò ní purọ́ fún yín. Òpìpí sunkún. Ilẹ̀ mọ́, ó tún kó àwọn yòókù jáde. Wọ́n dàgbà, wọ́n ní ogbe, àwọn náà yé, wọ́n sì pamọ.

Ìdí nìyí tí adìẹ kì í fi í fi ọmọ pamọ́ di òní. Bí ọmọ bá ti gbẹ lára báyìí, ààtàn yá. Adìẹ mọ̀ pé Àṣá wà lókè. Ojú rẹ̀ kò fọ́. Ó mọ̀ pé ó lè gbé ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ọmọ tó bá fi sínú ìkòkò, gbogbo rẹ̀ ni Àṣá máa gbé. Adìẹ tí kò lọ ilé ìwé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn kan wà tí wọ́n ní bàtà lẹ́sẹ̀ tí wọn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ti ọmọ mọ́ yàrá, wọ́n á gbé tẹlifíṣọ̀n sí i níwájú, wọ́n á ní ọmọ àwọn kì í ṣe ọmọ ìta, ọmọ àwọn kì í jà. Ẹ kú iṣẹ́ o, ọlọ́mọ pẹ̀lẹ́.

Ìdí rẹ̀ náà nìyí tí Àṣá kì í sọ̀ lójú kan náà. Ẹ ti rí i bó ṣe máa ń yí lókè, tí ń yí, tí ń yí. Ẹ rò pé kò rí ọmọ adìẹ nílẹ̀ ni? Ó rí wọn. Èyí tó dá dúró ló ń wá.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ilẹ̀ á mọ́. Ẹ lọ sí ààtàn, ẹ bi adìẹ léèrè.